Ohùn tí Òkìkíọlá Fi sí Ìyá Arúgbó Lẹ́nu

Òkìkíọlá gbé fóòmù ibùsùn méjì nàró ti ògiri yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Munir ní Ìkàrẹ́, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, ó sì pa fáànù. Ooru mú un lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ráhùn. Ó ti dán an wò fúnra rẹ̀, ó sì ti rí i pé ògiri lásán a máa dá ohùn padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá, ṣùgbọ́n fóòmù a máa gbé ohùn mì. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ti fi rúlà pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́rin: àkókò, ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, àti ohun tí yóò sọ ní Yorùbá.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Màmá Lucy, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún nílùú ọba kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Ọ̀kà, fẹ́ràn eré tẹlifíṣàn kan tí wọ́n ṣe nípa abúlé kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ìyá ìjọ a péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti wò ó. Òkìkíọlá, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, a sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí ògbufọ̀ ti í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù. Orúkọ òyìnbó kì í dúró lẹ́nu àwọn ìyá náà, nítorí náà wọ́n sọ gbogbo ará abúlé ọ̀hún lórúkọ tuntun. Àlùfáà wọn di Fádà Oníkẹ̀kẹ́. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù di Kò-Gbàwìn. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà, tí kì í yé yojú sí ilé onílé, di Yojú-Yojú.

Lọ́dún yìí, Màmá Lucy fẹ́ kí wọ́n wo àkànṣe eré náà tí wọ́n ṣe fún Kérésìmesì. Àwọn tí wọ́n ti wò tẹ́lẹ̀ kì í pé wákàtí kan, ṣùgbọ́n àkànṣe yìí gùn tó fíìmù, wákàtí méjì gbáko. Gbọ̀ngàn ìjọ ní àdúgbò Ìwárò ni wọn yóò ti wò ó, lára aṣọ funfun, èrò yóò sì pọ̀.

"Òkìkí," ni Màmá Lucy wí, "o ò lè fi ẹnu kígbe fún wákàtí méjì. Gba ohùn rẹ sílẹ̀. Fi Yorùbá sí wọn lẹ́nu, kí àwọn èèyàn wa gbádùn rẹ̀."

Munir, ẹ̀gbọ́n Safinat ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló fi bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ hàn án lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní ohùn dà bí ojú ọ̀nà. Ariwo odò, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti orin wà lójú ọ̀nà kan; ohùn àwọn òyìnbó wà lójú ọ̀nà kejì; ohùn tí Òkìkíọlá bá gbà sílẹ̀ yóò wà lójú ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n má baà gbá ara wọn. Nǹkan yìí dùn mọ́ Òkìkíọlá nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kọ́ bí a ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá, bí a ti ń ké gbólóhùn Yorùbá kúrú kó lè parí nígbà tí òyìnbó bá pa ẹnu dé. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa, títí ó fi kan Mísíìsì Pell.

Ìyá arúgbó kan ni Mísíìsì Pell, ẹ̀bá odò ló ń gbé. Inú àkànṣe yìí ló ti kọ́kọ́ hàn, nítorí náà àwọn ìyá Ọ̀kà kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ìwé fún un kà, a ní òun gbàgbé dígí ojú òun sílé. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, Fádà Oníkẹ̀kẹ́ gbé Bíbélì lé e lọ́wọ́ níwájú ìjọ, ó sì bọ́ dígí ojú tirẹ̀ fún un. Ìyá arúgbó náà kò rí ibi sá sí mọ́. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀wé kà rí.

"Ibí yìí tutù jù," ni Safinat sọ. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí, ó ń jẹ gúgúrú. "Bí ìyá yìí bá ń fà á báyìí, àwọn màmá yín á sùn, wọ́n á máa hanrun. Fi iyọ̀ sí i, jàre."

"Irú iyọ̀ wo?"

"Ẹ̀rín ni! Ìwọ tó o lè fara wé ohùn gbogbo ayé. Ṣebí ìwọ lo fara wé ọ̀gá wa ní kíláàsì títí tí ọ̀gá fi wọlé bá ọ lẹ́nu ẹ̀?"

Òkìkíọlá rẹ́rìn-ín. Ó tún wo ojú ìyá arúgbó náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn sì wá sí i lọ́kàn.

Ní Ọ̀kà, bí wọ́n bá na Bíbélì sí Ìyá Iyìọlá nínú ìpàdé àwọn ìyá, a wúkọ́ díẹ̀, a sì wí pé, "Ẹ jẹ́ káwọn ọmọdé kà á. Ojú tèmi ti rí púpọ̀, ó fẹ́ sinmi." Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín, ìwé a sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n gbà pé ojú ló ń dùn ún lóòótọ́. Òkìkíọlá nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ojú. Lóṣù Kẹjọ ni Ìyá Iyìọlá pè é sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi kajú, tó sì wí fún un pé, "Ọmọ mi, mo fẹ́ mọ̀wé kà kí n tó kú. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ìyá rẹ pàápàá." Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti orí a, b, d, wọ́n sì ti dé ibi tí ìyá náà fi lè ka orúkọ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kà á, ó fi ìka tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, I-yì-ọ-lá, ó sì fi etí ìró nu ojú.

"N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni," ni Òkìkíọlá wí lọ́kàn ara rẹ̀. "Ẹ̀rín lásán ni."

Ó fa máíkì mọ́ra. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó mú ohùn rẹ̀ nípọn, ó jẹ́ kó há díẹ̀, ó sì wí láti ẹnu Mísíìsì Pell pé, "Ẹ jẹ́ káwọn ọmọdé kà á. Ojú tèmi ti rí púpọ̀, ó fẹ́ sinmi."

Safinat, tí kò mọ Ìyá Iyìọlá rí, ṣubú sórí fóòmù pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà wọ Òkìkíọlá lára bí omi tútù lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìjẹ́wọ́, ìyá náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn. Òkìkíọlá ka ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Lójú tirẹ̀, àyè tó ṣófo ni. Ó sì kún un: "Irọ́ ni mo ti ń pa látọjọ́ yìí o! Kò sóhun tó ṣe ojú mi! Òpè paraku ni mí, ẹ̀yin èèyàn mi!"

Kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, Safinat ti fi fóònù rẹ̀ ká ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kíláàsì wọn lórí Wáásáàpù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe Bọ́síńdè, gbọ̀ngàn ìjọ kún. Ọyẹ́ ń fẹ́, wọ́n sì fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí àwòrán lè hàn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ Kò-Gbàwìn já, tó sì kó sínú ilé Fádà. Òkìkíọlá dúró nídìí ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ń dùn. Ìyá Iyìọlá wà ní ìlà kejì, ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ìwé orin wà lórí itan rẹ̀.

Mísíìsì Pell wúkọ́ lára aṣọ funfun.

"Ẹ jẹ́ káwọn ọmọdé kà á. Ojú tèmi ti rí púpọ̀, ó fẹ́ sinmi."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Yéè!" ni Màmá Eunice ké láti àárín. "Ìyá Iyìọlá, ìgbà wo lẹ dé ìlú òyìnbó?"

Ìyá Iyìọlá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ju ọwọ́ sókè, ó ní, "Àwọn ọmọ yìí á pa mí!" Òkìkíọlá mí kanlẹ̀. Gbogbo nǹkan dára.

Ṣùgbọ́n fíìmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mísíìsì Pell dé ṣọ́ọ̀ṣì. Fádà bọ́ dígí ojú rẹ̀ fún un. Ohùn Ìyá Iyìọlá sì kún gbogbo gbọ̀ngàn náà: "Irọ́ ni mo ti ń pa látọjọ́ yìí o! Kò sóhun tó ṣe ojú mi! Òpè paraku ni mí, ẹ̀yin èèyàn mi!"

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yí orí wo ìlà kejì. Ẹlòmíràn náà yí orí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, bí iná tí igi ìdáná rẹ̀ tán. Gbogbo ojú ń rántí lẹ́ẹ̀kan náà: gbogbo Bíbélì tó ti kọjá, gbogbo lẹ́tà tó ní kí ẹlòmíràn kà. Wọ́n ń wo ìwé orin tó wà lórí itan rẹ̀. Ìyá Iyìọlá pa ìwé orin náà dé. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì rìn jáde láàárín wọn láìwo ẹnikẹ́ni. Kò yára, kò sì fà.

Òkìkíọlá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, kò sì mọ ohun tí yóò tẹ̀.

Nígbà tí èrò túká, Màmá Lucy ní kó jókòó. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn pa ojú ọ̀nà ohùn Yorùbá, ó sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

"Kí ni obìnrin yẹn wí?"

"Ó ní... ó ní òun ò kọ́ ìwé kíkà rí. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun léèrè rí títí di òní."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ó dákẹ́, mà."

"Àwọn ará ìjọ ńkọ́? Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

Òkìkíọlá wò ó. Nínú ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fádà Oníkẹ̀kẹ́ rìn wá dúró ti ìyá arúgbó náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ Bíbélì náà díẹ̀díẹ̀, kí ìyá náà lè máa wí tẹ̀ lé e. Òkìkíọlá ti wo ibẹ̀ ju ìgbà ogún lọ nígbà tó ń ka àkókò, kò sì rí i.

"Àwọn òyìnbó yẹn bo àṣírí ìyá tiwọn," ni Màmá Lucy wí. "Àwa la fi ìyá tiwa rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ kejì, ìwé tí Òkìkíọlá fi ń kọ́ Ìyá Iyìọlá wà lórí bẹ́ńṣì ìta ilé wọn. Kò sẹ́ni tó rí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ìyá Òkìkíọlá mú un, ó rí lẹ́tà gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ tí ọwọ́ àgbà kọ, ó sì wo ojú ọmọ rẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun. Ìyẹn dun Òkìkíọlá ju ẹgba lọ.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Iyìọlá, tó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi kajú.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà. Ẹ forí jì mí."

"Kí ni mo ní kó o má ṣe?"

"Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé o sọ?"

"N kò dárúkọ yín, mà."

Ìyá Iyìọlá bó ẹ̀gúsí kan, ó ju èèpo rẹ̀ nù. "Òkìkí, ta ló bi ọ́ bóyá o dárúkọ? Ikọ́ mi lo wú. Ohùn mi lo fi sọ ọ́. Kí ló wá kù nínú orúkọ?"

Ìyá náà tún mú ẹ̀gúsí mìíràn.

"Pé wọ́n mọ̀ pé n kò mọ̀wé, ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Òótọ́ ni. Ìwọ nìkan ni mo fi ibi tó ń dùn mí hàn, ibẹ̀ náà lo sì fi ìka tẹ̀ káyé lè rẹ́rìn-ín. Máa lọ sílé."

Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó rí Ìyá Iyìọlá ní ìpàdé àwọn ìyá. Lọ́jọ́ Àìkú, àyè rẹ̀ ní ìlà kejì ṣófo. Ní Ìkàrẹ́, níbi tí fídíò Safinat ti tàn ká, nígbà tí Òkìkíọlá kọjá níwájú ibùdókọ̀, ó gbọ́ tí ọlọ́kadà kan wúkọ́, tó ní, "Ojú tèmi ti rí púpọ̀," tí èkejì sì fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkìkíọlá rìn kọjá, ó tẹ orí ba bí olè.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ ẹ̀bẹ̀ gígùn sórí Wáásáàpù, kó dárúkọ Ìyá Iyìọlá, kó ní kí gbogbo ayé dárí ji òun. Màmá Lucy ló dá a dúró.

"Bó o bá fi ẹ̀bẹ̀ tún un sọ, o ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Sọ ohun tí ìwọ ṣe. Má sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀."

Nítorí náà, ohun tó kọ kò gùn: "Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ìyá arúgbó yẹn kò sí nínú fíìmù. Èmi Òkìkíọlá ni mo fi kún un, mo sì ṣe àìdáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á rẹ́." Safinat pa tirẹ̀ rẹ́, ó sì pè é, ó ń sunkún. "N kò mọ̀ pé èèyàn gidi ni o." Àwọn kan pa á rẹ́. Àwọn kan fi ẹ̀rín dáhùn. Ohun tó ti jáde kò ṣeé kó padà tán.

Èyí tó ṣeé ṣe ni Òkìkíọlá gbájú mọ́. Ó padà sọ́dọ̀ Munir.

"Bọ̀dá Munir, ṣé a lè yọ ohùn ìyá yẹn nìkan kúrò?"

"Bá a ṣe tò ó, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mélòó ni?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

Munir súfèé. "Áà. O ti ráyè."

Ó gbé fóòmù nàró. Ó yọ gbólóhùn mẹ́tàlélọ́gọ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kò lo ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbàkigbà tó bá ti fẹ́ ṣe ohùn ìyá arúgbó, a ní kí Munir dá ẹ̀rọ dúró, a sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Níkẹyìn, ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà fún àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó dé ibi ìjẹ́wọ́, ó wí pé, "N kò kọ́ ìwé kíkà rí. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè títí di òní." Ó gbé ẹnu kúrò nídìí máíkì, ó sì ka oókan dé oókànlá láìsọ̀rọ̀. Munir na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Ṣé kí n gé ibi tó dákẹ́ yìí?"

"Rárá, sà. Ọ̀rọ̀ ni ìyẹn náà."

Wọ́n tún fi fíìmù náà hàn ní Sátidé kejì oṣù Kìn-ín-ní. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, Òkìkíọlá dúró níwájú gbogbo wọn, ó ní òun ti ba fíìmù náà jẹ́ nígbà àkọ́kọ́ nítorí òun fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun, òun sì bẹ̀ wọ́n. Ìyá Iyìọlá jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tó ti lè tètè jáde. Màmá Lucy ló lọ mú un wá, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n jọ sọ.

Nígbà tí Mísíìsì Pell jẹ́wọ́, gbọ̀ngàn dákẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá kọjá, ikọ́ ọmọ ọwọ́ kan nìkan ló dún. Màmá Eunice bo ojú. Nígbà tí Fádà Oníkẹ̀kẹ́ dúró ti ìyá arúgbó, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wí ẹsẹ Bíbélì náà, àwọn ìyá kan nínú gbọ̀ngàn ń wí i tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ nígbà tó parí. Wọ́n kàn jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Ìyá Iyìọlá dúró níwájú Òkìkíọlá. Òkìkíọlá kúnlẹ̀.

"Iṣẹ́ yẹn dára," ni ìyá náà wí. "Ohùn rẹ dára. Ẹnu rẹ ni n kò tíì lè gbẹ́kẹ̀ lé." Ó gbójú sókè sí Màmá Lucy, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi. Ọjọ́bọ̀ ni mo ráyè."

Màmá Eunice, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wo ilẹ̀. "Ẹ kọ orúkọ tèmi náà mọ́ ọn," ló wí. "Èmi náà, àkọ́sórí ni gbogbo orin tí mo ń kọ yẹn."

Nígbà tó máa di Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyá mẹ́fà ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Lucy. Wọn kò fi Òkìkíọlá ṣe olùkọ́, òun náà kò sì béèrè. Páálí ni wọ́n ní kó gé, kó kọ lẹ́tà gàdàgbà sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó gé gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ etí wọn kí wọ́n má baà tètè gbó, ó tò wọ́n sórí àga, ó sì lọ dúró lẹ́yìn.

Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí ohùn mẹ́fà ṣe ń pe lẹ́tà kan náà pọ̀. Ó ti yé e pé ẹni tí wọ́n fi àṣírí pamọ́ sí lọ́wọ́ kò tíì pa á mọ́ bí kò bá dárúkọ nìkan. Ó lè fi ikọ́ sọ ọ́, ó lè fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ó sì ti yé e pé èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ kan tún fíìmù ṣe, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ní ọjọ́ tí yóò parí. Ẹni tó bá bà á jẹ́ yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìmọ ìgbà tí wọn yóò tún gba òun gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn ìyá mẹ́fà yẹn. Àyè tó sì rí gbà nídìí rẹ̀ ni ìdúró lẹ́yìn, kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé.